Láti Ojú Afúnwàrà Dé Ojú Ẹ̀rọ: Ìtàn Àyẹ̀wò Wàrà àti Ìlera Ọmú Mààlú

Ọmú mààlú pín sí ìdá mẹ́rin, ìdá kọ̀ọ̀kan sì ní orí ọmú tirẹ̀. Wàrà inú ìdá kan kì í ṣàn wọnú èkejì. Nítorí náà, àìsàn lè wà nínú ìdá kan kí mẹ́ta yòókù sì máa ṣe wàrà tó dára. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àìsàn ibẹ̀ ni ọmú wíwú. Kòkòrò àìfojúrí ló ń gba ihò orí ọmú wọlé, ara mààlú á sì rán sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá wọn jà. Bí ìjà náà bá le, ọmú á wú, á gbóná, wàrà á sì dì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tàbí kí ó ṣomi. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohun tí ojú lè rí. Ọmú ò wú, wàrà funfun bíi tàná, síbẹ̀ kòkòrò ti fìdí kalẹ̀ sínú. Irú èyí tó fara pamọ́ yìí ló pọ̀ jù, ó sì ń dín wàrà kù lójoojúmọ́ láìpariwo.

Ìtàn àyẹ̀wò wàrà jẹ́ ìtàn bí àwọn ọlọ́sìn mààlú ṣe ń wá àìsàn yìí rí. Ọ̀nà ìfúnwàrà yí padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín nǹkan bí 100 ọdún. Ó kọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ ènìyàn bọ́ sórí ẹ̀rọ tí ènìyàn ń fi bọ ọmú, lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí rọ́bọ́ọ̀tì tí ń dá iṣẹ́ ṣe. Ní ìgbà méjèèjì, ṣe ni afúnwàrà túbọ̀ ń jìnnà sí ọmú, wọ́n sì ní láti wá ohun mìíràn tí yóò máa ṣe iṣẹ́ tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ọwọ́ tó ń yẹ ọmú wò, tó tún ń kó àrùn ràn

Nígbà tó jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń fún wàrà ní àwọn oko Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, inú iṣẹ́ náà gan-an ni àyẹ̀wò wà. Afúnwàrà á jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mààlú, á fi orí ti ìhà rẹ̀, á sì di orí ọmú mú. Bí ìdá kan bá gbóná ju èkejì lọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á mọ̀. Bí ó bá le, ìka á sọ. Bí mààlú tó máa ń dúró jẹ́ẹ́ bá ṣàdédé tàpá, ìrora ló ń bá a jà. Kí ó tó fún wàrà sínú garawa, á kọ́kọ́ fún díẹ̀ sínú ife tí inú rẹ̀ dúdú, nítorí pé lára dúdú ni wàrà tó dì ti ń hàn kedere. Wọn kì í da wàrà àkọ́kọ́ yìí mọ́ èyí tó kù, nítorí òun ni kòkòrò máa ń pọ̀ sí jù.

Àmọ́ ọwọ́ kan náà ló ń ti ara mààlú kan bọ́ sí ara òmíràn. Ní 1887, Edmond Nocard, onímọ̀ ìwòsàn ẹran ní ilẹ̀ Faransé, àti Mollereau tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmú wíwú tó ń ran láti ara mààlú kan dé ara òmíràn. Wọ́n fi hàn pé kòkòrò kan tó máa ń tò bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn ló ń fà á. Kòkòrò náà ni wọ́n ń pè ní Streptococcus agalactiae lónìí. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn pé ọmú wíwú kì í ṣe ọ̀rọ̀ òtútù tàbí orí burúkú mààlú kan, pé ohun tó ń gbé inú agbo ni.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni bí ènìyàn ṣe lè mọ ọmú tó ń ṣàìsàn tí kò sì fi hàn. Ní 1910, Samuel Prescott àti Robert Breed ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka sẹ́ẹ̀lì inú wàrà. Wọ́n á wọn ìdá kan nínú 100 mílílítà kan, wọ́n á fi pa ojú gíláàsì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan ní òró àti ní ìbú, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á fi aró kùn ún, wọ́n á sì fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá kà á. Bí ìjà bá ṣe le tó nínú ọmú ni sẹ́ẹ̀lì funfun ṣe ń pọ̀ tó nínú wàrà. Nípa báyìí, ohun tí ojú lásán kò rí di iye tí a lè kọ sílẹ̀. Kíkà yìí gba ojú àti sùúrù, kò sì ṣeé ṣe fún gbogbo mààlú lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n lórí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e dúró sí.

Ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́

Ní 1895, Alexander Shields ní ìlú Glasgow ní Skọ́tílándì gbé ẹ̀rọ ìfúnwàrà kan jáde tí wọ́n ń pè ní Thistle. Àwọn ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀ kàn ń fa orí ọmú láìdáwọ́ dúró ni, èyí sì ń pa ọmú lára. Ti Shields ń fà, ó sì ń dẹwọ́, bí ọmọ mààlú ṣe ń mu ọmú. Ní 1903, Alexander Gillies ní Ọsirélíà mú ife onípele méjì wá, rọ́bà nínú, irin níta. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde láàárín méjèèjì ló ń mú kí rọ́bà máa fún orí ọmú, kí ó sì tún máa tú u sílẹ̀. Ìlànà yẹn ni ẹ̀rọ ìfúnwàrà ṣì ń lò títí di òní, rọ́bọ́ọ̀tì náà kò sì yọ sílẹ̀.

Ẹ̀rọ mú iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n ó dá ìṣòro tuntun sílẹ̀. Ife kan náà ló ń lọ láti ọmú dé ọmú, wàrà mààlú tó ń ṣàìsàn á sì ṣẹ́ kù lára rọ́bà de mààlú tó kàn. Bí agbára tí ẹ̀rọ fi ń fà bá pọ̀ jù, tàbí tí wọ́n bá fi ife sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọmú ti gbẹ, ẹnu orí ọmú á bó, á sì ki, ilẹ̀kùn á wá ṣí sílẹ̀ fún kòkòrò. Mààlú tí afúnwàrà kan ń tọ́jú sì pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù tó ń lò nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ìwádìí tó yí ìṣe àwọn ọlọ́sìn padà jù wáyé ní àwọn ọdún 1960 ní ilé ìwádìí ìjọba lórí wàrà tó wà ní Shinfield, nítòsí ìlú Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun márùn-ún ni àwọn onímọ̀ ibẹ̀ kó jọ tí wọ́n ní kí ọlọ́sìn máa ṣe pa pọ̀. Kí ó ri orí ọmú sínú oògùn apakòkòrò lẹ́yìn tí ó bá fún wàrà tán. Kí ó tètè tọ́jú mààlú tí ọmú rẹ̀ bá wú, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó fi oògùn sínú ìdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí mààlú bá fẹ́ sinmi kí ó tó bímọ. Kí ó mú èyí tí àìsàn rẹ̀ kò lọ kúrò nínú agbo. Kí ó sì máa yẹ ẹ̀rọ wò déédéé. Àwọn kòkòrò tó ń ti ara mààlú kan bọ́ sí ara òmíràn dín kù gan-an níbi tí wọ́n ti tẹ̀ lé ìlànà yìí. Àwọn tó ń ti inú ìgbẹ́ àti ibùsùn ẹran wá, bí E. coli, ni ètò náà kò fi bẹ́ẹ̀ ràn, àwọn ló sì wá di ọ̀ràn pàtàkì lẹ́yìn náà.

Ní 1957, Schalm àti Noorlander ní Yunifásítì California mú àyẹ̀wò kan wá tí ọlọ́sìn fúnra rẹ̀ lè ṣe nídìí mààlú. Àwo funfun olójú mẹ́rin ni. Wọ́n á fún wàrà ìdá kọ̀ọ̀kan sí ojú tirẹ̀, wọ́n á da omi kan tó dà bí ọṣẹ, tí aró àlùkò wà nínú rẹ̀, sí i, wọ́n á sì máa yí i. Omi yìí ń bẹ́ sẹ́ẹ̀lì, ohun tó ń tú jáde nínú wọn á sì mú kí wàrà fà bí omi ilá. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe fà tó. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ọlọ́sìn á mọ ìdá tí àrùn wà, bí wàrà tilẹ̀ dára lójú. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì nílò iná mànàmáná.

Lẹ́yìn náà ni kíkà sẹ́ẹ̀lì bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ ní ilé àyẹ̀wò. Láàárín àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ Foss ní Dẹ́ńmáàkì gbé Fossomatic jáde. Ẹ̀rọ náà ń fi aró tó ń tàn kun inú sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń ka ìtànṣán wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kíkà ṣe di ohun tó rọrùn ni òfin àti iye owó wàrà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lé e. Wàrà ìdá ọmú tó yá kì í sábà ní ju sẹ́ẹ̀lì 100,000 lọ nínú mílílítà kan. Bí ó bá ti ju 200,000 lọ, wọ́n á gbà pé kòkòrò ti wọ ọmú náà. Òfin Yúróòpù kò gbà kí wàrà tí oko kan ń kó ta ju 400,000 lọ. Ní Amẹ́ríkà, 750,000 ni òpin náà láti 1993.

Òfin tó ní ojú lókàn

Síbẹ̀, ilé àyẹ̀wò kò gba ipò ojú. Nígbà tí àbájáde bá dé, wàrà ti dà pọ̀ mọ́ra nínú táǹkì. Ìdí nìyí tí òfin Yúróòpù ti 1989 lórí ìmọ́tótó oko fi sọ pé kí afúnwàrà wo bí wàrà mààlú kọ̀ọ̀kan ṣe rí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, kí ó má sì jẹ́ kí wàrà tó yàtọ̀ wọ inú ìyókù. Ẹni tó kọ òfin náà gbà pé ènìyàn kan yóò máa wà nídìí mààlú nígbà gbogbo.

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní 1992, rọ́bọ́ọ̀tì ìfúnwàrà kúrò nílé ìwádìí, ó wọ oko àgbẹ̀ ní Nẹ́dálándì. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ti ń gbìyànjú rẹ̀ níbẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Jámánì. Owó òṣìṣẹ́ ló wọ́n, ìdílé tó ní oko kò sì fẹ́ máa jí lóru fún wàrà ní ọjọ́ 365 láàárín ọdún. Ohun tó pẹ́ jù kí wọ́n tó yanjú ni bí apá irin ṣe máa rí orí ọmú mẹ́rin tí kò dúró sójú kan. Iná lésà àti kámẹ́rà ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ oko, wọ́n máa ń gé irun ara ọmú tàbí kí wọ́n fi iná fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jó o kúrò, kí ẹ̀rọ lè ríran dáadáa, kí ìdọ̀tí má sì máa dì mọ́ ọn.

Mààlú fúnra rẹ̀ ló ń rìn wá sídìí rọ́bọ́ọ̀tì, nítorí oúnjẹ tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìdánimọ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀ á sọ ẹni tó jẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Bí kò bá tíì pẹ́ tí wọ́n fún un, ilẹ̀kùn á ṣí kó máa lọ. Bí àkókò bá tó, apá irin á nu orí ọmú, á fi ife bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì yọ ife kọ̀ọ̀kan nígbà tí ìdá tirẹ̀ bá gbẹ. Àǹfààní ńlá nìyí fún ọmú, nítorí pé nínú ẹ̀rọ àtijọ́, ìdá tó kọ́kọ́ gbẹ ní láti dúró de mẹ́ta yòókù. Rọ́bọ́ọ̀tì kan lè tọ́jú nǹkan bí 60 mààlú, wọ́n sì máa ń wá ní ìwọ̀n ìgbà méjì sí mẹ́ta lójúmọ́.

Àléébù tirẹ̀ náà wà. Rọ́bọ́ọ̀tì kì í wo ìdọ̀tí. Bákan náà ló ṣe ń nu ọmú tó mọ́ àti èyí tí ìgbẹ́ bò. Oògùn tó ń fọ́n lẹ́yìn ìfúnwàrà lè ṣì lórí ọmú kan. Bí mààlú bá ta ife dànù, ìdá kan lè ṣẹ́ kù sílẹ̀ láìfún. Mààlú kan lè wá lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, kí òmíràn tó jẹ́ onílọ̀ọ́ra wá lẹ́yìn wákàtí 14. Ife kan náà sì ni gbogbo wọn ń lò tọ̀sán-tòru, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi omi tàbí ooru omi gbígbóná ṣan án láàárín mààlú kan sí èkejì. Èyí tó ga jù ni pé kò sí ẹnikẹ́ni tó ń wo wàrà àkọ́kọ́ mọ́.

Bí ẹ̀rọ ṣe kọ́ láti ríran

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi rọ́pò ojú ni iyọ̀. Nígbà tí àrùn bá ba ògiri tín-ín-rín tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti wàrà jẹ́, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á ṣàn wọnú wàrà, iná mànàmáná á sì máa gba inú wàrà náà kọjá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Linzell àti Peaker, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Babraham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ iṣẹ́ jáde ní 1972 lórí bí ìyípadà ojoojúmọ́ nínú wàrà ṣe lè tú àrùn tó fara pamọ́ fó. Ohun èlò tó ń wọn èyí kò wọ́n, ó sì rọrùn láti fi sínú ọ̀pá wàrà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ooru, ọ̀rá inú wàrà, irú ẹ̀yà mààlú àti iye wákàtí tó ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n fún un kẹ́yìn náà máa ń yí iye yìí padà. Ọgbọ́n tó yanjú púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kí wọ́n fi ìdá ọmú kan wé mẹ́ta yòókù lára mààlú kan náà. Gbogbo ohun wọ̀nyẹn ló kan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà, nítorí náà èyí tó bá dá yàtọ̀ ni kí a fura sí. Rọ́bọ́ọ̀tì, tó ń fún ìdá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ló mú kí ìfiwéra yìí rọrùn.

Àwọn ohun èlò mìíràn tẹ̀ lé e. Èyí tó ń wo àwọ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú wàrà, ó sì ń wo bí ó ṣe padà, kí ẹ̀jẹ̀ tàbí wàrà tó ṣomi má baà kọjá. Òmíràn ń wọn ooru, òmíràn ń wo bóyá wàrà ìdá kan ṣàdédé dín kù. Lẹ́yìn 2000 ni kíkà sẹ́ẹ̀lì wọ inú oko gan-an. Ilé iṣẹ́ DeLaval fi kámẹ́rà kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀ tó ń ka sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fi aró kùn, gẹ́gẹ́ bí ilé àyẹ̀wò ṣe ń ṣe. Ilé iṣẹ́ Lely gba ọ̀nà mìíràn: ohun èlò tirẹ̀ ń po wàrà pọ̀ mọ́ omi bí ọṣẹ, ó sì ń wọn bí ó ṣe fà tó. Ọgbọ́n àwo funfun ti 1957 ló padà wá, ẹ̀rọ ló ń yí i báyìí. Ètò Herd Navigator, tó wá láti Dẹ́ńmáàkì, ń wọn ohun kan tó ń jẹ́ LDH, tó máa ń pọ̀ nínú wàrà nígbà tí ọmú bá ń ṣàìsàn.

Ìkìlọ̀ asán

Ohun tí ó ṣòro jù kì í ṣe wíwọ̀n, bí a ṣe ń túmọ̀ ohun tí a wọ̀n ni. Ká ní mààlú 60 wà lóko kan, kí wọ́n máa fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìgbà 2.5 lójúmọ́. Ìfúnwàrà 150 nìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá ṣe àṣìṣe ẹyọ kan péré nínú 100, yóò kígbe lásán ní ìgbà 1.5 lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bí 547 lọ́dún. Ká tún ní ọmú ń wú gidi ní ìgbà 20 láàárín ọdún náà. Ọlọ́sìn ní láti dáhùn nǹkan bí ìkìlọ̀ asán 27 fún òótọ́ kan. Ẹni tí wọ́n ń ji lásán kì í pẹ́ kó tó di etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ̀rọ dákẹ́ díẹ̀, àwọn àìsàn tòótọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá láìrí. Ìdí nìyí tí ètò tuntun kì í fi dá ẹjọ́ lórí iye kan ṣoṣo, tó fi ń pa bí iná ṣe ń gba inú wàrà kọjá, àwọ̀, iye sẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n wàrà àti ìtàn àìsàn mààlú náà pọ̀. Ní 2007, àjọ ISO tẹ ìlànà 20966 jáde fún àwọn ẹ̀rọ tí ń dá fún wàrà, bí a ṣe ń dán wọn wò fún wàrà tó yàtọ̀ sì wà lára rẹ̀.

Ìwádìí kan tí ìjọba Yúróòpù ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ láàárín 2000 àti 2003 tú ohun púpọ̀ síta. Nígbà tí 2003 fi parí, oko tó ń lo rọ́bọ́ọ̀tì lágbàáyé ti lé ní 2,000. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn tí oko bá gba rọ́bọ́ọ̀tì, kòkòrò àti sẹ́ẹ̀lì inú wàrà máa ń gòkè díẹ̀ ní àwọn oṣù àkọ́kọ́. Omi tí wọ́n fi ń ṣan ẹ̀rọ máa ń ṣẹ́ kù sínú wàrà, ọ̀rá wàrà náà sì máa ń bàjẹ́ díẹ̀ nítorí pé wọ́n ń fún un léraléra. Bí ọlọ́sìn bá mọ ẹ̀rọ rẹ̀, tí ó sì mú ìmọ́tótó ilé ẹran le, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń padà bọ̀ sípò. Òfin pàápàá yí padà. Òfin Yúróòpù nọ́ńbà 853 ti 2004, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2006, ní kí afúnwàrà yẹ wàrà ẹran kọ̀ọ̀kan wò, tàbí kí wọ́n lo ọ̀nà mìíràn tí àbájáde rẹ̀ bá ti ojú dọ́gba. Gbólóhùn kékeré yẹn ló fún rọ́bọ́ọ̀tì láyè lábẹ́ òfin.

Iṣẹ́ tó kù fún ojú

Lọ́dún 2022 ni iye tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀ túbọ̀ níyì. Òfin Yúróòpù lórí oògùn ẹran, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún náà, kò fàyè gba kí wọ́n máa fi oògùn apakòkòrò fún gbogbo ẹran bí àṣà. Ìmọ̀ràn Shinfield pé kí wọ́n fi oògùn sí gbogbo ọmú nígbà ìsinmi kò ṣeé tẹ̀ lé mọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Mààlú tó nílò rẹ̀ nìkan ló yẹ kó gbà á, ìwé àkọsílẹ̀ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì wà lára ohun pàtàkì tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń kà á lójoojúmọ́ ń fi èyí hàn kedere ju àyẹ̀wò oṣooṣù lọ.

Ṣùgbọ́n rọ́bọ́ọ̀tì kì í dárúkọ kòkòrò. Ó lè sọ pé ìdá ẹ̀yìn òsì mààlú kan yàtọ̀. Kò lè sọ bóyá Staphylococcus aureus tó ń ràn ni, tàbí E. coli tó ti inú ìgbẹ́ wá, ìtọ́jú méjèèjì kò sì bára mu. Ilé àyẹ̀wò tó ń gbin kòkòrò ló ń sọ ìyẹn. Kí wàrà tó lọ síbẹ̀, ẹnì kan ní láti lọ bá mààlú náà, kí ó fọwọ́ kan ọmú rẹ̀, kí ó sì fún díẹ̀ wò. Nítorí náà, àwo funfun olójú mẹ́rin ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lóko tí rọ́bọ́ọ̀tì ti ń fún wàrà. Ìkìlọ̀ á dé sórí fóònù ọlọ́sìn, ọlọ́sìn á sì gbé àwo náà lọ bá mààlú.